Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Káàdì Àwòrán Kọ̀ǹpútà

  

Lẹ́tà kan wà níwájú mi láti ọwọ́ olùkọ́ kan tí ó máa ń ka ojú ewé yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní yunifásítì ni ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ra ohun kan fún òun, tí òun yóò fi sínú kọ̀ǹpútà òun. Ọmọ náà ní àwòrán ilé tí wọ́n ń kọ́ àwọn ní ilé ìwé ni òun yóò máa fi yà. Ṣùgbọ́n bàbá kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, géèmù ni yóò máa fi gbá. Orúkọ ohun náà ni GeForce RTX 4090, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Nvidia ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, 1,599 dọ́là ni wọ́n dá lé e. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó kù díẹ̀ kí owó náà pé mílíọ̀nù 2 àti 400,000 náírà. Bàbá yìí ti ń rò ó pé bóyá kí òun lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó wá bi mí pé: “Kí ni ó wà nínú nǹkan yìí tí owó rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí, ǹjẹ́ ó sì yẹ kí n rà á?”

Ìbéèrè àgbà ni èyí, kò sì yẹ kí n fi gbólóhùn kan dá a lóhùn. Oníṣòwò tí ó gbọ́n, kí ó tó sanwó ìdì aṣọ, yóò tú u wò. Ẹ jẹ́ kí àwa náà tú káàdì yìí wò láti inú wá sí òde. Bí a bá tú u tán, ìdáhùn yóò fi ara rẹ̀ hàn.

IṢẸ́ TÍ Ó Ń ṢE

Ẹ wo adé ọba dáadáa. Láti òkèèrè, ojú ènìyàn àti ẹyẹ ni a ń rí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá sún mọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni a ó rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú kọ̀ǹpútà rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K ní ìlẹ̀kẹ̀ ìmọ́lẹ̀ 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: ó jẹ́ 8,294,400. Àwòrán inú géèmù kì í sì dúró lójú kan. Bí ó bá ń sáré dáadáa, a ó tún un yà ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí já sí pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnìkan ní láti pinnu àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí iye wọn ń lọ sí bílíọ̀nù kan. Iye rẹ̀ gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá kan ni 995,328,000.

Ta ni yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọpọlọ àgbà tí ó wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní CPU, dà bí ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Kò sí ìṣirò líle tí kò lè yanjú, ṣùgbọ́n ènìyàn kan ni. Bí a bá kó ìṣirò kéékèèké mílíọ̀nù 8 lé e lórí, ilẹ̀ yóò ṣú bá a níbẹ̀. Ó sàn kí a pe gbogbo ọmọ ilé ìwé jáde sí pápá, kí a fún olúkúlùkù ní ìṣirò kan tí ó rọrùn, kí gbogbo wọn sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì àwòrán ni pápá náà. Nínú RTX 4090, ọmọ ilé ìwé tí ó tò sí orí pápá jẹ́ 16,384.

ỌPỌLỌ RẸ̀

Ní àárín káàdì náà ni ègé sílíkónì kan wà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AD102. Nvidia ni ó ya àpẹẹrẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ TSMC ti Taiwan ni ó ṣe é. Ègé náà kò tóbi: bí ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ ni ní ìbú àti òró. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni wọ́n to tiransísítọ̀ bílíọ̀nù 76 àti mílíọ̀nù 300 sí. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí rédíò tiransísítọ̀ tí àwọn bàbá wa ń gbé lé èjìká lọ sí oko láti gbọ́ ìròyìn. Tiransísítọ̀ 6 tàbí 8 péré ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun ni a sì fi ń yangàn nígbà náà.

Ìdílé tí ṣíìpù yìí ti wá ni wọ́n fi sọ orí Ada Lovelace, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kọ̀wé ní ọdún 1843 nípa ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage ń gbèrò láti ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tí ń sá fún ìṣirò, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ń ṣe. Yàtọ̀ sí àwọn 16,384 tí mo kà sílẹ̀, àwọn 128 kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tọ ipa ìmọ́lẹ̀: bí ó ṣe kúrò lára fìtílà, tí ó lu omi, tí ó padà lu ògiri, tí ó wá dé ojú ẹni tí ń wò. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí omi inú géèmù dà bí omi gidi. Àwọn 512 mìíràn sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìṣirò irú èyí tí ẹ̀rọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń wo àwòrán kékeré, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ńlá. Kódà wọ́n lè wo àwòrán méjì kí wọ́n sì fúnra wọn ya èyí tí ó yẹ kí ó wà láàárín.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ àwọn oníṣòwò nínú. Bí ṣíìpù AD102 bá pé pérépéré, òṣìṣẹ́ 18,432 ni ó yẹ kí ó ní. Èéṣe tí ó fi jẹ́ 16,384 ni wọ́n ń tà? Ìdí ni pé ohun tí ó kéré tó báyìí ṣòro ṣe láìní àbùkù. Ìyá alátà kì í da apẹ̀rẹ̀ tòmátò nù nítorí pé díẹ̀ rà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà: wọ́n pa apá kan ṣíìpù náà, wọ́n sì ta ìyókù gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó pé.

ÀKÁ RẸ̀

Òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ tó báyìí kò gbọdọ̀ máa dúró de ẹrù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to ègé ìrántí 12 yí ọpọlọ náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba gígábáìtì 2, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 24. Ọ̀nà tí ó wà láàárín àká yìí àti ọpọlọ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù 1,008 gígábáìtì lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n oníṣòwò mọ̀ pé bí àká ti wù kí ó tóbi tó, ó dára kí ohun tí oníbàárà ń bèèrè jù lọ wà lórí tábìlì ní ìsọ̀. Tábìlì náà wà nínú ọpọlọ gan-an. Nínú RTX 3090 tí ó jáde ní ọdún 2020, mẹ́gábáìtì 6 ni tábìlì náà gbà. Nínú RTX 4090, ó di 72. Ìrìn àjò sí àká dínkù, iṣẹ́ sì yá.

Nínú RTX 3090 yẹn kan náà, ègé ìrántí 24 ni wọ́n lò, ìdajì ní iwájú, ìdajì ní ẹ̀yìn. Àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn máa ń gbóná gidigidi nítorí pé wọ́n jìnnà sí fáànù. Nígbà tí ègé tí ó gba ìlọ́po méjì dé, wọ́n kó gbogbo wọn wá sí iwájú, ìyọnu ẹ̀yìn sì tán.

OORU NI Ọ̀TÁ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Wáàtì 450 ni RTX 4090 lè jẹ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Èyí tó ohun tí fáànù orí tábìlì bíi 8 ń jẹ pọ̀. Gbogbo iná tí ó bá sì jẹ, ooru ni ó ń dà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń jáde láti inú ègé tí kò tó páálí ìṣáná. Bí a kò bá gbé ooru náà kúrò kíákíá, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà yóò pa ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí káàdì yìí fi rí gàgàrà. Èyí tí Nvidia fúnra rẹ̀ ṣe gùn ní mílímítà 304, ó ga ní 137, ó sì nípọn ní 61. Àyè mẹ́ta ni ó ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí káàdì mìíràn ń gba ẹyọ kan tàbí méjì. Ó wúwo ju kìlógíráàmù 2 lọ. Nínú gbogbo ìwúwo yìí, èyí tí ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò kò tó nǹkan. Ìyókù jẹ́ bàbà, alumíníọ̀mù àti fáànù, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa lé ooru jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra káàdì yìí, kì í ṣe ọpọlọ nìkan ni ó rà, ó ra ilé ìdáná tí ọpọlọ náà yóò máa gbé.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dára púpọ̀. Ẹ ti rí ìkòkò ọbẹ̀ tí a dé. Omi á hó ní ìsàlẹ̀, ọyẹ́ rẹ̀ á gòkè, á kan ọmọrí, á tún di omi, á sì kán padà sí ìsàlẹ̀. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lé orí ọpọlọ náà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bàbà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti dí i pa pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú rẹ̀. Omi náà ń hó níbi tí ó gbóná, ó ń gbé ooru lọ síbi tí ó tutù, ó sì ń padà wá. Ooru tí ó bá gbé wá ni ewé alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, fáànù méjì sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára. Ọ̀kan ń ti ooru jáde gba ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, èkejì ń jẹ́ kí atẹ́gùn la káàdì náà kọjá.

OÚNJẸ RẸ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹṣin, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí yóò ti rí koríko. Ihò tí a ń fi káàdì sí nínú kọ̀ǹpútà kò lè fún un ní ju wáàtì 75 lọ. Ìyókù ní láti gba inú wáyà wá láti inú àpótí iná kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní páwà sọ́pláì. Fóòtì 12 ni iná náà. Ẹ pín 450 sí 12, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ámípíà 37 àti ààbọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ilé wa, èyí tí à ń ki àyọ́ọ̀nù bọ̀, ámípíà 13 ni.

Tẹ́lẹ̀ rí, pílọ́ọ̀gì olórí mẹ́jọ ni wọ́n ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé wáàtì 150. Bí a bá fẹ́ gbé 600, mẹ́rin ni yóò tò sí ara káàdì. Wọ́n wá ṣe ẹyọ kan tí ó kéré, tí ń jẹ́ 12VHPWR, tí ó ní ẹsẹ̀ ńlá 12 àti ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ 4, wọ́n sì ní òun nìkan lè gbé wáàtì 600. Ó wu ojú, ó sì dín wáyà kù. Ṣùgbọ́n káàdì náà kò tíì lo oṣù kan lọ́jà ní ọdún 2022 tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán hàn pé pílọ́ọ̀gì ti yọ́ mọ́ ara káàdì àwọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Nvidia sọ pé bíi 50 irú rẹ̀ ni àwọn mọ̀ nípa rẹ̀ ní gbogbo ayé, àti pé ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé wọn kò ti pílọ́ọ̀gì náà wọlé tán.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti dẹ̀, tí a wá ki àyọ́ọ̀nù bọ̀. Níbi tí irin kò ti fi ara kan irin dáadáa, iná ń fún ara rẹ̀ kọjá ní ọ̀nà tóóró, ibẹ̀ á gbóná, á dúdú, á sì yọ́. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tún pílọ́ọ̀gì náà ṣe, tí orúkọ rẹ̀ di 12V-2x6. Wọ́n gé ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin yẹn kúrú sí i, kí ó lè jẹ́ pé bí pílọ́ọ̀gì kò bá wọlé tán, àwọn ni kò ní kanra, káàdì kò sì ní gba iná. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti pílọ́ọ̀gì yìí, ẹ tì í gírígírí títí ẹ kò fi ní rí àlàfo kankan.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àbúrò rẹ̀ dé, RTX 5090. Òṣìṣẹ́ di 21,760, ìrántí di gígábáìtì 32, tiransísítọ̀ di bílíọ̀nù 92 àti mílíọ̀nù 200. Èyí tí Nvidia ṣe fúnra rẹ̀ tilẹ̀ tín-ínrín padà sí àyè méjì, nítorí wọ́n ká bọ́ọ̀dù rẹ̀ jọ sí àárín kí fáànù méjèèjì lè fẹ́ atẹ́gùn la káàdì kọjá. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ di 1,999 dọ́là, oúnjẹ rẹ̀ sì di wáàtì 575. Bí agbára ti ń pọ̀ sí i ni ebi ń pọ̀ sí i.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó ra eku yìí, ẹ jẹ́ kí a wọn ìtẹ́ rẹ̀.

Èkíní, ẹ wo àpótí iná kọ̀ǹpútà. Nvidia ní kí ó tó wáàtì 850 fún RTX 4090, àti 1,000 fún RTX 5090. Èyí tí kò ní orúkọ rere, tí wọ́n kàn lẹ nọ́ńbà ńlá mọ́ lára, ẹ má fi owó yín wéwu lórí rẹ̀.

Èkejì, ẹ wo iná ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” kò ní lè gbé káàdì yìí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ká má tíì sọ ti fìríìjì. Ní ti iná ìjọba, bí ọmọ bá fi wákàtí 4 gbá géèmù lójúmọ́ tí káàdì sì ń jẹ wáàtì 450, yúníìtì 54 ni yóò lọ lóṣù sórí káàdì nìkan. Ẹ fi iye tí yúníìtì kan jẹ́ ní àdúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi rúlà wọn inú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó wúwo ju kìlógíráàmù 2, tí ó rọ̀ sára ihò kan, lè tẹ̀ bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́. Ẹ fi òpó kékeré gbè é lábẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà wọ mọ́tò, ẹ yọ káàdì náà kúrò. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ti rí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún àlòkù olówó pọ́ọ́kú. Àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ní òkè òkun ti tú RTX 4090 tí oníbàárà wọn rà, wọn kò sì bá ọpọlọ tàbí ìrántí nínú rẹ̀ mọ́: fáànù àti bàbà nìkan ni wọ́n tà fún un. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lójú yín fún wákàtí kan, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ó wá kan ọ̀gá olùkọ́ tí ó kọ̀wé sí mi. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má tíì tọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín irú ojú kọ̀ǹpútà tí ó ní. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó wọ́pọ̀, tí ó jẹ́ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600, ìdá kan nínú mẹ́rin ti 4K. Kí ni yóò fi ọmọ ilé ìwé 16,384 ṣe lórí pápá kékeré bẹ́ẹ̀? Nínú ìdílé kan náà ni RTX 4060 wà, tí ó jáde ní ọdún 2023 ní 299 dọ́là. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3,072, ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8, wáàtì 115 ni ó ń jẹ, àpótí iná 550 sì tó o. Yóò ya àwòrán ilé fún akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì gbá géèmù pẹ̀lú. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ọmọ náà bá rí iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń san owó gidi fún, tí káàdì kékeré kò sì lè gbé e mọ́, nígbà náà ni káàdì ńlá yóò di irin iṣẹ́, yóò sì bọ́ ara rẹ̀.

Èmi kò kórìíra káàdì ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yani lẹ́nu ni, ẹni tí ó bá ní ìtẹ́ fún un kò ní kábàámọ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a ra ẹṣin tán kí a tó máa wá koríko kiri, kí gbèsè sì máa sáré ju ẹṣin lọ.

Ẹ máa kọ̀wé sí mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí.